Ọ̀rọ̀ Dókítà Tí Mọ́rìlíátù Gé Kúrú

"Kí ni wọ́n wí?" ìyá Mọ́rìlíátù bi í.

Dókítà náà, obìnrin Faransé kan tó ti ń hewú, ti sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó ní egbò ló wà nínú ìfun ńlá Mọ́rìlíátù, òun ló ń fa inú rírun àti ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ náà ń rí nígbà tó bá lọ yàgbẹ́. Àìsàn náà kì í ràn, kò sì sí ẹni tó fi ṣe é, ṣùgbọ́n ó lè lọ kó tún padà fún ọdún púpọ̀. Nítorí náà, kí ọmọ má ṣe dá oògùn dúró nígbà tí ara bá fúyẹ́. Bí inú bá ń dùn ún, kó yẹra fún ata, ẹ̀pà, ẹ̀fọ́ tútù àti wàrà. Kó máa jẹ ìrẹsì tó rọ̀ dáadáa àti ẹja, kó máa mu omi, kó sì máa fi ìgò omi gbígbóná tí a faṣọ wé lé ikùn.

Gbogbo rẹ̀ ló yé Mọ́rìlíátù. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, Niamey, olú ìlú Niger, ni wọ́n bí i sí, Faransé sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Ìyá rẹ̀, Ràhámọ̀tù, ará Ògbómọ̀ṣọ́, kò gbọ́ ju Yorùbá àti Hausa tó fi ń ta aṣọ ní ọjà Petit Marché.

"Wọ́n ní inú ló gbóná díẹ̀," Mọ́rìlíátù dáhùn. "Wọ́n ní kí n lo oògùn yìí, yóò lọ."

Ìyá rẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n sì jáde.

Ohun tó mú un gé ọ̀rọ̀ náà kúrú kò ju ẹ̀rù lọ. Ní ọdún tó kọjá, Màríámọ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ṣàìsàn. Wọ́n fi í ránṣẹ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kó lọ sinmi, kò sì fojú kan ilé ẹ̀kọ́ mọ́. Ìdánwò ìjáde ti Mọ́rìlíátù ti ń sún mọ́lé. Ó ní bí òun bá ti lè dákẹ́ títí ìdánwò náà yóò fi kọjá, ó parí.

Àsìkò ìjọba ológun ni. Lójoojúmọ́ ni rédíò ń sọ̀rọ̀ nípa yùréníọ̀mù tí wọ́n ń wà nílẹ̀ ní Arlit, láàárín aṣálẹ̀, àti àwọn ilé gogoro tí owó rẹ̀ ń kọ́ sí Niamey. Bàbá Mọ́rìlíátù, Àlíyù, ti kó aṣọ tẹ̀ lé àwọn òṣìṣẹ́ lọ sí Arlit, ó sì máa ń pẹ́ kó tó wálé. Mọ́rìlíátù àti ìyá rẹ̀ nìkan ló kù nínú ilé wọn ní àdúgbò Kirkissoye, ní òdìkejì odò, ìyá náà kì í sì í tètè ti ọjà dé.

Oúnjẹ ló kọ́kọ́ dá ìjà sílẹ̀. Mọ́rìlíátù ń se ìrẹsì rírọ̀ fún ara rẹ̀, ó ń fi iyọ̀ díẹ̀ jẹ ẹ́, ó sì ń fi ọbẹ̀ ata ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ rò pé ilé ìwé òyìnbó ti kọ́ ọmọ láti kórìíra oúnjẹ ilé. Wọn kò jà púpọ̀; ìyá kàn ń bu tirẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ ní ìta, ọmọ ń jẹ tirẹ̀ nínú yàrá.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní ilé ẹ̀kọ́. Ní àkókò ìsinmi, àwọn ọmọbìnrin máa ń yí abọ́ ìrẹsì òun ẹ̀wà elépo-ata ká, wọ́n á jọ tọwọ́ bọ̀ ọ́. Mọ́rìlíátù máa ń dúró lábẹ́ igi lọ́ọ̀ọ́kán. Josephine, ọmọ Adékànmí aránṣọ, tó ti ń bá a ṣọ̀rẹ́ láti kékeré, bi í léèrè títí. Kò rí èsì gbà. Nígbà tó yá, Josephine gbà pé ìgbéraga ni, kò dúró dè é mọ́ láti jọ gba orí afárá Kennedy kọjá. Mọ́rìlíátù ń dá nìkan rìn, ó ń wo àwọn apẹja nínú ọkọ̀ ojú omi nísàlẹ̀, tí wọ́n ń pe ara wọn láti ọkọ̀ kan sí èkejì. Nínú kíláàsì, ó lọ jókòó sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, nítorí bó ṣe ń tọrọ àyè jáde léraléra ti ń pa àwọn ọmọ yòókù lẹ́rìn-ín.

Síbẹ̀, oògùn náà ṣiṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ dá, ìgò omi gbígbóná sì ń tu ikùn rẹ̀ lára. Mọ́rìlíátù wá sọ fún ara rẹ̀ pé àìsàn ti lọ, ó sì dá oògùn dúró.

Àìsàn kò lọ. Nígbà tí ìdánwò kù díẹ̀, ó padà, ó sì le ju ti àkọ́kọ́. Bí Mọ́rìlíátù bá padà sí ilé ìwòsàn, ìyá rẹ̀ yóò tẹ̀ lé e, àṣírí yóò sì tú. Ibi tó káwọ́ mọ́ ikùn sí lẹ́yìn ilé ni Ìyá Àjọkẹ́, aládùúgbò wọn, ti rí i.

"Jẹ̀díjẹ̀dí ni," ni Ìyá Àjọkẹ́ wí. "Àgúnmu mi yóò fọ gbogbo rẹ̀ jáde. Ewé lásán ni."

Obìnrin náà kò ní in lọ́kàn láti ṣe é níbi. Ká ní ó gbọ́ pé egbò ló wà nínú ìfun, bóyá kì bá fún un. Ṣùgbọ́n Mọ́rìlíátù kò sọ. Ó da àgúnmu náà sínú kókó gbígbóná, ó sì mu ún tán.

Kò pẹ́ tí inú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ó ń ṣu, ó ń ṣu, títí ó fi jẹ́ ẹ̀jẹ̀ nìkan ló kù. Ó wọ́ ara rẹ̀ dé ọjà láti wá ìyá rẹ̀, kò sì tíì la ẹnu tó fi ṣubú lulẹ̀ síwájú ìsọ̀ aṣọ. Sànúsí, ọ̀kan nínú àwọn oníṣòwò tó wà níbẹ̀, ló fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn.

Dókítà kan náà ni wọ́n bá níbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Boubacar ló ń fi Hausa túmọ̀ ọ̀rọ̀, kò sì gé ohunkóhun kúrò. Ìyá Mọ́rìlíátù gbọ́ ọ tán. Ó jókòó ti ibùsùn ọmọ rẹ̀.

"Èmi ni mo bí ọ," ìyá náà wí. "Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹnu àlejò ni mo ti gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Mo rò pé ẹ máa fi mí ránṣẹ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ bíi Màríámọ̀."

"Ta ló máa mú ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá kúrò lọ́dọ̀ dókítà tó mọ àìsàn rẹ̀? Mo rò pé o kórìíra mi ni, Mọ́rìlíátù. Ojoojúmọ́ ni mo ń dá jẹun, tí mo ń ro ohun tí mo ṣe."

Mọ́rìlíátù kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìdákẹ́ òun ti sọ ẹlòmíràn náà di aláìlẹ́nìkan. Ó yíjú sí ògiri, ó sunkún.

Orí ibùsùn ló wà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣe ìdánwò. Bàbá rẹ̀ dé láti Arlit, eruku ṣì wà lára aṣọ rẹ̀. Ó ní ìdánwò yóò tún wáyé lọ́dún tó ń bọ̀. Nígbà tí Mọ́rìlíátù padà sílé, ìyá rẹ̀ ti kọ́ oúnjẹ tuntun: ìrẹsì rírọ̀, ẹja odò tí kò láta, elégédé tí wọ́n sè títí ó fi rọ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n. Wọ́n ń ṣọ́ èyí tó bá a lára mu àti èyí tí kò bá a mu. Oògùn sì ń lọ déédéé.

Josephine wá kí i lẹ́ẹ̀kan. "Ká ní o sọ fún mi ni, ǹ bá jókòó tì ọ́ lábẹ́ igi yẹn," ló wí. Ọ̀rọ̀ náà dun Mọ́rìlíátù ju inú rírun lọ, nítorí Josephine ti yege, ó sì fẹ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Mọ́rìlíátù tún kíláàsì náà ṣe láàárín àwọn ọmọ tí wọ́n kéré sí i lọ́jọ́ orí. Àìsàn náà ṣì ń yọjú nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n olùkọ́ rẹ̀ ti mọ̀, ilé ti mọ̀, kò sì sí ẹni tó ń fi í rẹ́rìn-ín.

Àwọn àgbà ní bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́. Oúnjẹ tó bára mu àti omi gbígbóná lórí ikùn lè dín ìrora kù, ṣùgbọ́n wọn kò rọ́pò oògùn dókítà, ewé tí a kò mọ̀ sì lè dá kún ọgbẹ́. Èyí tó wúwo jù nínú ẹrù àìsàn Mọ́rìlíátù, òun fúnra rẹ̀ ló dì í, òun nìkan ló sì rù ú, nígbà tí ìyá rẹ̀ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí wọn ì bá bá a gbé e, dúró lọ́wọ́ òfo.