Ọkọ̀ Tí Kò Lè Fi Ẹ̀yìn Rìn

Bàtà Bàbá Orval nìkan ló yọ síta lábẹ́ ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù pupa náà. Ìyókù ara rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ó ń bá irin tó ti dípẹtà jà.

"Leta, na sípánà kékeré yẹn sí mi. Mo ní kékeré o, kì í ṣe eléyìí tí èèyàn lè fi wó ilé."

"Bàbá, èyí tí ẹ pè ní kékeré lánàá náà nìyí."

"Àná nìyẹn. Ojú mi ti darúgbó sí i látàná."

Leta rẹ́rìn-ín, ó sì lọ mú òmíràn wá. Títí di òní tó ti di obìnrin tó ní ilé tirẹ̀, bó bá gbóòórùn ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì mọ́ ti koríko gbígbẹ, abà Bàbá Orval, bàbá ìyá rẹ̀, ní Oklahoma ni ọkàn rẹ̀ máa ń sá lọ, níbi tí àwọn méjèèjì ti jókòó ti ọkọ̀ náà ní gbogbo ìgbà òtútù bí ẹni ń tọ́jú aláìsàn. Kò sí ìgbà tó tún dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ láyé.

Ọkọ̀ yìí ni Bàbá Orval àti Wilma ìyàwó rẹ̀ fi ń lé ìjì nígbà ayé Wilma. Bí òjò bá ti ṣú, wọ́n á gbé fúláàsì kọfí, wọ́n á lọ dúró létí oko àlìkámà, wọ́n á sì máa fi rédíò sọ ibi tí ààjà ńlá ń gbà bọ̀, kí àwọn ará ìlú lè tètè sá wọ yàrá abẹ́ ilẹ̀. Nígbà tí Wilma kú, Bàbá ti ọkọ̀ wọ abà, ó fi tapólì bò ó, kò sì wojú ọ̀run mọ́.

Ṣùgbọ́n ojú Bàbá ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀, Àǹtí Neva, ọmọ rẹ̀, sì ti ní kó wá máa bá òun gbé ní Tulsa bí ìkórè àlìkámà bá dé. Bàbá gbà. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè fún.

"Mo fẹ́ rí ìjì kan sí i látinú ọkọ̀ yìí, kí ojú yìí tó ṣú pátápátá."

Leta ní òun ni yóò wà á. Ìdí tí èékánná rẹ̀ fi dúdú títí àwọn ọmọ ilé ìwé fi ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nìyẹn.

Nígbà tí àlìkámà bẹ̀rẹ̀ sí í hù, ẹ́ńjìnnì ti ń dún, bíréèkì sì ń mú. Rìfáàsì nìkan ló kọ̀ tí kò wọlé. Bàbá ti ránṣẹ́ ra irin tí yóò fi tún un ṣe, ó sì ní ọkọ̀ kò ní jáde kí ó tó dé.

"Ẹni tó ń lé ìjì kì í rò bó ṣe máa débẹ̀," ó ní. "Bó ṣe máa kúrò níbẹ̀ ló ń rò. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn."

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Àǹtí Neva gbé Bàbá lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Kò pẹ́ tí Garrett, ọmọ kíláàsì Leta, fi wọlé pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́.

"Jáde wá wo ojú ọ̀run. Irú èyí kì í wá lẹ́ẹ̀mejì."

"Rìfáàsì ò tíì ṣiṣẹ́."

"Ṣé ẹ̀yìn là ń lọ ni? Sọ pé ẹ̀rù ń bà ẹ́. Àwa rò pé ọmọ-ọmọ ẹni tó ń lé ìjì ni ẹ́, a ò mọ̀ pé ti ọlọ́sìn adìyẹ tó ń sá fún òjò ni."

Leta sọ fún ara rẹ̀ pé òun kàn fẹ́ dán ọkọ̀ náà wò kí Bàbá tó gun un ni. Irọ́ ni. Ó fẹ́ kí wọ́n rí òun nídìí rẹ̀ ni. Ó mú kọ́kọ́rọ́.

Ọkọ̀ náà sáré dáadáa. Wọ́n ṣí fèrèsé, wọ́n ń pariwo, ìkùukùu sì ga lókè oko bí òkè. Garrett ń wo àwòrán ìjì nínú fóònù rẹ̀.

"Yà sọ́tùn-ún. Ìjì ṣì jìnnà sí wa."

Ìjì kò jìnnà. Àwòrán inú fóònù máa ń pẹ́ kó tó dé. Ibi tí ìjì ti kúrò ló ń fi hàn wọ́n. Leta yà sójú ọ̀nà amọ̀ pupa kan, kò sì pẹ́ tó fi rí i pé omi ti gbé afárá iwájú lọ. Kòtò wà lọ́tùn-ún, kòtò wà lósì, kò síbi tí a ti lè yí orí ọkọ̀ padà. Ó fa gíà sẹ́yìn. Gíà náà lọgun, kò wọlé.

Ìgbà náà ni yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í já, ó tóbi bí ẹyin adìyẹ. Gíláàsì iwájú fọ́ yángá. Amọ̀ yọ̀ lábẹ́ táyà, ọkọ̀ sì dorí kodò sínú kòtò. Àwọn méjèèjì rá pálá jáde, wọ́n sá sábẹ́ apá afárá tó ṣẹ́kù, wọ́n fọwọ́ bo orí, ààjà sì gba àárín oko kọjá lẹ́yìn wọn pẹ̀lú ariwo tí Leta kò lè gbàgbé.

Nígbà tí òjò dá, katakata aládùúgbò kan ló gbé Bàbá Orval, tó ti ti ọ̀dọ̀ dókítà dé tí kò bá ọkọ̀ nílé, wá. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ojú Leta mú, ó ń wò ó láti tòsí.

"Ṣé ara rẹ pé?"

"Bàbá, mo ti ba ọkọ̀ yín jẹ́."

"Ọkọ̀ kì í pè mí ní Bàbá," ó ní. Ọ̀rọ̀ yẹn ló dun Leta jù.

Irin tó di táyà iwájú mú ti kán. Kí wọ́n tó rí irú rẹ̀, àlìkámà ti gbó, Bàbá ti lọ sí Tulsa. Leta ń ṣiṣẹ́ lára ọkọ̀ náà lọ títí ọdún fi yípo, ó tún rìfáàsì náà ṣe, ó sì lọ gbé Bàbá, tí ojú rẹ̀ ti ṣú pátápátá, wá. Ó fi ẹ̀yìn wọ etí oko, ó kọ imú ọkọ̀ sí ọ̀nà àbájáde. Ìjì ńlá kan dìde níwájú wọn. Leta sọ gbogbo rẹ̀ fún un: àwọ̀ ewé tó wà nísàlẹ̀ ìkùukùu, mànàmáná, àlìkámà tó ń tẹrí ba. Bàbá gbọ́ ọ títí dópin.

"O sọ ọ́ dáadáa, ọmọ mi," ó ní. "Ó kàn wù mí kí n rí i ni."

Leta gbé orí lé sítíárìn ọkọ̀, ó sunkún. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìkánjú kì í gba ti oníkánjú nìkan. Ó lè lọ mú ìpín ẹni tí a fẹ́ràn jù, bí a bá tilẹ̀ tún gbogbo ohun tó kù ṣe, a kò ní lè dá ìyẹn padà fún un.