Owó Fúláwà Di Pátákó

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wàhálà náà bẹ̀rẹ̀, Oyinadé ń to búrẹ́dì gbígbóná sórí àtẹ ní bẹ́kìrì rẹ̀ ní Igbó-Ọrà, inú rẹ̀ sì dùn. Owó fúláwà oṣù tó ń bọ̀ ti pé. Nínú èrè, ó ti ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìpolówó: yóò fún àwọn tó ń ná ọjà Tápà ní búrẹ́dì tọ́ wò, yóò sì wò ó bóyá ó mú oníbàárà tuntun wá, kó tó náwó sí i.

Babáfẹ́mi, ọkọ rẹ̀, ní ìpolówó tálákà nìyẹn. Ó ní pátákó ńlá ló yẹ kí wọ́n rì mọ́ ojú ọ̀nà Èrúwà, kí wọ́n sì máa pariwo lórí rédíò. Nígbà tí Oyinadé bi í pé níbo lowó rẹ̀ wà, owó fúláwà ló nawọ́ sí. Ó ní bí èrò bá ti dé, owó á padà sílé. Obìnrin náà mọ̀ pé kò dáa, àmọ́ ó gbà, kí wọ́n má baà sọ pé kì í gbọ́ràn sọ́kọ lẹ́nu.

Ẹ wá wo ohun tí wọ́n gbé sórí pátákó o! Babáfẹ́mi fúnra rẹ̀ ni, nínú agbádá, ó fẹyín síta. Búrẹ́dì wà nísàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, kò ju bisikíìtì lọ. Ṣíọ̀! Ta ni í fi fọ́tò ọkùnrin jẹ ẹ̀wà? Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Lóòótọ́ lèrò dé, láti Èrúwà títí dé Ayétẹ̀. Ṣùgbọ́n owó fúláwà ti tán, Babáfẹ́mi bá lọ ra èyí tó ti pẹ́ nílẹ̀, tí kòkòrò ń rìn gbéregbère nínú rẹ̀. Wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n da ṣúgà sí i. Oyinadé gbọ́ òórùn rẹ̀, ó mọ̀ pé ó ti bàjẹ́, síbẹ̀ ó pò ó, ó sì tà á. Ẹ̀gbin gbáà! Ohun tí kò jẹ́ fún Tósìn, ọmọ tirẹ̀, jẹ ló ń kó fún ọmọ ọlọ́mọ.

Kò pẹ́ tí Màmá Aliyyah, tó ti ń bá a ta búrẹ́dì ní Tápà látìbẹ̀rẹ̀, fi gbé àtẹ rẹ̀ padà wá. Ó bu búrẹ́dì kan sí méjì níwájú Oyinadé. Òkú kòkòrò ló wà nínú rẹ̀.

“Àwọn ọmọ iléèwé ló jẹ ìyókù,” ni ó wí. “Wọ́n ń bì.”

Babáfẹ́mi ní kí wọ́n yára san owó rédíò mìíràn, kí wọ́n fi tún orúkọ ṣe.

“Orúkọ wo?” Oyinadé dá a lóhùn. “Ẹ ní kí gbogbo ayé tètè mọ ọjà wa. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n.”

Ó lọ sí Tápà, ó kúnlẹ̀ fún àwọn òbí níkọ̀ọ̀kan, ó san owó oògùn. Ó bẹ Màmá Aliyyah náà.

“Mo ti forí jì yín, Ìyá Tósìn,” ni ìyẹn wí. “Ṣùgbọ́n mi ò lè gbé búrẹ́dì yín sórí mọ́. Èmi ni wọ́n mọ̀ níbí.”

Ẹ̀yin oníṣòwò kéékèèké, ẹ má fi owó ọjà polówó ọjà. Inú èrè ni kí ẹ ti yọ ọ́, ìwọ̀nba tí kò ní da ilé rú bó bá ṣòfò. Ẹ mọ ẹni tó ń rà lọ́wọ́ yín, kí ẹ lọ bá a níbi tó wà. Ẹ máa bi oníbàárà tuntun pé níbo ló ti gbọ́. Ìpolówó tí kò bá mú ẹnikẹ́ni wá, ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀. Kí ẹ sì tó pe èèyàn wá jẹun, ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Bí kò bá ṣeé gbé mì fún yín, ẹ panu mọ́.