Ọkùnrin Tí Mo Pa Sínú Fọ́ọ̀mù

Mo búra fún yín, ìtàn yìí kò ní í gùn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ orúkọ àwọn tó kú sínú ìwé ìjọba, ìlà kan péré ni mo sì ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìbáà ṣe ọlọ́lá, ìbáà ṣe mẹ̀kúnnù. Akọ̀wé-Òkú ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò. Ìyẹn kò bí mi nínú rí. Lẹ́tà ló bí mi nínú.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì ni àkọ́kọ́ dé. Nọ́ńbà ilé wa ló wà lára rẹ̀, òpópónà wa ni, kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí nìkan ni a kò mọ̀. Ilé iṣẹ́ kan tó ń yáni lówó ló kọ ọ́, wọ́n ní ó jẹ gbèsè. Mo dá lẹ́tà náà padà. Èkejì dé, mo dá a padà. Nígbà tí ẹlẹ́ẹ̀kẹfà fi dé, bébà rẹ̀ tutù lọ́wọ́ mi bí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde nínú kànga.

Lẹ́yìn náà ni asingbèsè fúnra rẹ̀ yọjú, ọkùnrin kan tí bàtà rẹ̀ ṣe ṣóńṣó bí ẹnu ẹyẹ. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló máa ń wá dógò tì wá lẹ́nu ọ̀nà, fáìlì lórí itan. Mo ní èmi kọ́ ni ẹni tó ń wá. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni gbogbo onígbèsè ṣe máa ń wí. Mo mú káàdì ìdánimọ̀ jáde. Ó ní wọ́n ń tẹ irú rẹ̀ kiri. Ìyàwó mi bi í bóyá wọ́n tẹ ewú orí mi náà ni. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, òun yóò mú ọkọ̀ wá kó ẹrù, ojú rẹ̀ sì wà lára ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó mi. Ẹ̀rọ yẹn ló ń bọ́ wa, torí owó ìfẹ̀yìntì mi, ìgbà tó bá wù ú ló ń dé. Ìyàwó mi gbé ọwọ́ lé e bí ẹni gbé ọwọ́ lé ọmọ lórí.

Ìbínú tèmi kì í pariwo. Kálàmù ló máa ń wá.

Mo ní, “Ọkùnrin tí ẹ ń wá ti kú.”

Ó fa fọ́ọ̀mù kan yọ. “Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, bàbá.”

Ní ọ́fíìsì wa, a kì í fi àyè kankan sílẹ̀ lófìfo. Mo ti dá opó padà pẹ̀lú omijé lójú nítorí àyè kan ṣoṣo. A kì í sì í kọ òkú sílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹni tó mọ̀ ọ́n dúró tì wá. Lọ́jọ́ náà, n kò bi ẹnikẹ́ni. Ohun tó pa á: àìsàn ránpẹ́. Ibi tí wọ́n sin ín sí: ọwọ́ mi kò dúró dè mí, ó ti kọ ọ́, ẹ̀yìnkùlé wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi. Mo buwọ́ lù ú bí mo ṣe ń ṣe níbi iṣẹ́. Asingbèsè kà á, ó ní ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Mo ní a dúpẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́, ó lọ̀ ọ́ dáadáa. Ó kí mi, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ ti pa dé kí ohùn rẹ̀ tó dé etí mi. Ó dárúkọ. Orúkọ ara lẹ́tà ni.

Mo bú u. Mo bú u dé ibi tí èébú mọ. Ó tẹ orí ba, ó bẹ̀ mí. Ó ní nígbà tí òun ń yáwó, nọ́ńbà ilé tó kọ́kọ́ sọ sí òun lọ́kàn lòun kọ, òun kò mọ̀ pé ènìyàn ń gbé ibẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìyàwó òun ń wo òun kọjá. Ọmọ òun ń bi ìyá rẹ̀ pé ta ló ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀.

“Mo kàn wá wo ibẹ̀ ni, bàbá.”

“Ibo?”

“Ibi tí ẹ sin mí sí.”

Mo ní àṣìṣe ni, mo ní n óò kọ̀wé sí wọn kí wọ́n pa á rẹ́. Ó wò mí tìyọ́nútìyọ́nú.

“Nínú gbogbo ọdún tí ẹ fi ṣiṣẹ́, bàbá, orúkọ òkú mélòó lẹ pa rẹ́?”

N kò pa ọ̀kan ṣoṣo rẹ́. Ìyẹn gan-an ni mo fi yangàn lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì.

Ìyàwó mi fa aṣọ mi lẹ́yìn. Ó rọra ní, “Bàbá àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ kó kọjá.”

Ó kọjá. Ó rọra yà fún ẹ̀rọ ìránṣọ, ó gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde. Nígbà tí mo fi tẹ̀ lé e débẹ̀, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ táǹkì ti ga sókè, gígùn rẹ̀ tó ènìyàn, ó tutù rinrin nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Bàtà ọkùnrin náà méjèèjì wà níwájú òkìtì yẹn, ó tò wọ́n bí ẹni tó fẹ́ wọ yàrá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun dé, asingbèsè kò wá. Ẹ̀rọ ìyàwó mi ń ṣiṣẹ́. Inú sì ń bí mi síbẹ̀, sí oníbàtà ṣóńṣó, sí ẹni tó ń fi ilé onílé yáwó, àti sí ọwọ́ mi yìí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, lẹ́tà mìíràn dé láti ilé iṣẹ́ mìíràn. Ibi méjì ni ọ̀gbẹ́ni ti yáwó. Mo mú kálàmù láti kọ ọ́ pé kò gbé ibí. Ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìnkùlé. Mo gbé kálàmù sílẹ̀, mo gbé lẹ́tà náà lọ sínú bàtà rẹ̀. Nígbà tó di àárọ̀, ó ti já a, ó ti kà á, ó sì ti ká a dáadáa padà síbẹ̀.

Àdírẹ́sì náà ti wá tọ̀nà báyìí. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kó wà láàárín wa. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé ṣé ó ń gbé lọ́dọ̀ wa, ẹ ní ẹ kò mọ̀. Bí wọ́n bá sì fún yín ní fọ́ọ̀mù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ nǹkan kan síbẹ̀.