Ẹni Tí Bùràímọ̀ Pè Wá Jẹun Lórí Yìnyín

Ọlọ́run Ọba tó dá ooru, tó sì dá òtútù, ni ẹlẹ́rìí pé ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́ yìí kì í ṣe àlọ́. Ojúmọmọ ló ṣẹlẹ̀. Àwọn tó ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà ní Alajo, nílùú Accra, wọ́n ń kírun márààrún. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi wọ́n.

Ọdún 2019 ni, nígbà tí ayé kò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ Kòrónà. Wòsílátù àti Bùràímọ̀ ọkọ rẹ̀ ti jọ wà fún ọgbọ̀n ọdún, wọ́n ń ta ẹ̀yà ara ẹ̀rọ ìránṣọ ní Sabon Zongo. Afeefah ọmọ wọn, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Nọ́wè, ní kí wọ́n wá sinmi lọ́dọ̀ òun. Ó gba ọkọ̀ kan fún wọn tí bẹ́ẹ̀dì àti sítóòfù wà nínú rẹ̀, pé kí wọ́n máa fi wo ìlú. Làwọn àgbàlagbà méjì bá di ẹni tó ń sùn sínú ọkọ̀ kiri.

"Ẹ rọra o, Bàbá Afeefah. Trotro akérò kọ́ lẹ ń wà yìí."

"Trotro ni. Ìwọ sì ni méètì mi. Yọ orí síta, kó o pe èrò!"

Wòsílátù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n dé orí yìnyín. Kì í ṣe yìnyín tó ń bọ́ látojú ọ̀run o. Èyí ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ó fẹ̀ bí odò, ó ga bí òkè. Ọmọbìnrin òyìnbó tó ń fọ̀nà han àlejò de irin eléyín mọ́ bàtà wọn, ó so àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ okùn kan. Ó ní yàtọ̀ sí àwọn, kò sí ẹlòmíì lórí yìnyín lọ́jọ́ náà.

Wọ́n gùn ún. Irin ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn: kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀. Níbi tí yìnyín ti là, ó dúdú bí aró. Wòsílátù bojú wo inú rẹ̀. Kò rí ìsàlẹ̀.

"Súbúhánaláhì," ló wí, ó sì di ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ mú.

Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, ọmọbìnrin náà tú okùn, ó lọ yẹ ọ̀nà wò níwájú. Tọkọtaya náà jókòó. Wòsílátù tú kẹ́nkè àgbàdo àti ata dúdú ṣítọ̀ tó gbé wá láti ilé. Bùràímọ̀ bọ́ ìbọ̀wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Òtútù mú kí wọ́n kánjú. Kò sẹ́ni tó dárúkọ Ọlọ́run sí oúnjẹ náà.

Ìgbà náà ni ọkùnrin kan ń kọjá lọ.

Ó ga. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wọ̀. Kò wo ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹni tó dàgbà sí Alajo kò lè máa jẹun kí èèyàn kọjá, kó má pè é. Ẹnu Bùràímọ̀ ti yà kó tó ronú. Ó juwọ́ ọ̀tún.

"Ẹ wá bá wa jẹun o!"

Ẹni tí wọ́n pè bẹ́ẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ ni "Á gba ibi ire o," á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ìkíni lásán ni. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà dúró.

"Mo ń bọ̀," ló wí. Yorùbá tó já gaara.

Ó sì kọjá lọ sẹ́yìn òkìtì yìnyín.

"Ẹ gbọ́ èdè tó sọ?" Wòsílátù béèrè.

"Kí ló wá burú níbẹ̀? Àwa Anago wà níbi gbogbo. Dé orí òṣùpá, wàá bá ẹnì kan tó ń ta kẹ̀kẹ́ ìránṣọ."

Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin yẹn rìn lórí yìnyín, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì dún. Wòsílátù lọ wo ibi tó gbà. Kò sí ipa ẹsẹ̀ kankan níbẹ̀.

"Bísímílà ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ àti ní ìparí rẹ̀," ló wí kíá. Kẹ́nkè ti tán.

Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ ọ̀tún Bùràímọ̀ kò gbóná mọ́. Wọ́n padà sí Accra, sínú ooru tó ń mú adìyẹ mí hẹlẹhẹlẹ, síbẹ̀ ọwọ́ náà tutù bí ẹja inú fíríìjì. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí nǹkan. Ààfáà ka àdúrà sómi, Bùràímọ̀ mu ún. Òtútù náà ń gòkè. Ó kọjá ọrùn ọwọ́. Ó kọjá ìgbọ̀nwọ́. Ní gbogbo àárọ̀, lẹ́yìn àsùbáà, Wòsílátù á fi àtẹ́lẹwọ́ wọn ibi tó dé. Nígbà tó dé èjìká, ó kù díẹ̀ kó kan àyà.

"Má sunkún," ni Bùràímọ̀ máa ń wí. "Àbí ẹ̀rọ amúlétutù kò wù ọ́?"

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, wọ́n ti kírun dé, wọ́n jọ ń jẹ ìrẹsì wáákyé nínú abọ́ kan. Abena aládùúgbò ń gún fùfú lẹ́yìn ògiri. Lójijì, odó dákẹ́. Ọkọ̀ títì dákẹ́. Eṣinṣin pàápàá dákẹ́.

"Ẹ kú ìjẹun o," ohùn kan wí lẹ́yìn kọ́tìnnì. "Mo ti dé."

Bùràímọ̀ fẹ́ dìde. Ẹni tó pe àlejò ló ń lọ fà á lọ́wọ́ wọlé. Bí wọ́n ṣe tọ́ wọn nìyẹn. Wòsílátù tẹ èjìká rẹ̀ mọ́lẹ̀. Òtútù ibẹ̀ ta á.

"Ẹ jókòó, Bàbá Afeefah."

"Èmi ni mo pè é."

"Mo mọ̀."

Ó dìde fúnra rẹ̀. Ó dúró níwájú kọ́tìnnì.

"Bísímílà, ẹ wọlé o. Èmi ni mo pè yín."

"Wòsí! Ọjọ́ Jímọ̀ lò ń purọ́?"

"Ọlọ́run á forí jì mí. Ẹ máa jẹun tiyín."

Ó ti ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì. Nǹkan tútù gbà á mú. Ó rìn padà jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń fa arúgbó lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tí Bùràímọ̀ rí. Ṣùgbọ́n lápá ibi tí ẹnikẹ́ni kò jókòó sí, ìrẹsì inú abọ́ rì wọlé. Ó tún rì. Títí apá ibẹ̀ fi mọ́ féfé.

Odó Abena bẹ̀rẹ̀ sí í dún padà.

Bùràímọ̀ wo apá rẹ̀. Òógùn ń ṣàn lára rẹ̀. Ó na ìka márààrún, ó kó wọn pọ̀, ó tún nà wọ́n.

"Wòsí, ó ti gbóná. Wá fọwọ́ kàn án."

"Àlùhámídùlílà," ni Wòsílátù wí. Kò fọwọ́ kàn án. Ó ti fi ìborùn bo apá ọ̀tún rẹ̀.

"Ọ̀fun mi gbẹ," ni Bùràímọ̀ wí. "Fún mi lómi."

Ọgbọ̀n ọdún, obìnrin yìí kò fi ọwọ́ òsì na nǹkan sí ọkọ rẹ̀ rí. Lọ́jọ́ náà, ó fi òsì bu omi, ó kúnlẹ̀, ó sì fi òsì nà án sí i.

Bùràímọ̀ wo ọwọ́ náà títí. Lẹ́yìn náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba omi, ó sì mu ún.