Ẹ̀jẹ̀ Ìyìọlá Nínú Ìgò Méjì

Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ Awòtán sọ pé Ìyìọlá kò sí láyé, odindi àwo èkuru kan ni Ìyìọlá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ tán. Ẹni tí kò sí kì í gùfẹ̀, Ìyìọlá sì gùfẹ̀ dáadáa níwájú ẹ̀rọ náà. Ṣùgbọ́n ta ló tó bá ẹ̀rọ jiyàn?

Ìlú Àjùlé lèyí ti ṣẹlẹ̀, lójú òṣùpá, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá ti ń gbé láti ọgọ́rin ọdún lábẹ́ òrùlé gíláàsì tó ń gba afẹ́fẹ́ dúró fún wọn. Ọ̀pẹ kan kì í hù níbẹ̀, síbẹ̀ wọn kò gbàgbé igbà. Wọ́n ri òpó irin méjì mọ́lẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ga tó ọ̀pẹ mẹ́wàá tí a tò léra. Lọ́dọọdún, ọkùnrin á gun ti ọ̀tún, obìnrin á gun ti òsì, gbogbo ìlú á máa wò wọ́n. Igbà tí oníkálùkù fọwọ́ ara rẹ̀ hun ló fi ń gùn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Fọlárànmí ló ṣe Awòtán, kí ẹnikẹ́ni má baà gun òpó tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìgò kékeré méjì wà nínú ẹ̀rọ náà, ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin nínú ọ̀kan, ẹ̀jẹ̀ obìnrin nínú èkejì. Agùnpó á ti ìka bọ ihò rẹ̀, ẹ̀rọ á gún un díẹ̀, á fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wé tinú ìgò, á sì fún un ní ọ̀já pupa tàbí ọ̀já funfun. Ọ̀já yìí ni àwọ̀n abẹ́ òpó fi ń dá ènìyàn mọ̀. Bí ẹni tó so ó bá já bọ́, àwọ̀n á fò jáde, á sì gbé e.

Ìyìọlá, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, kì í ṣe ọkùnrin, kì í ṣe obìnrin. Ara rẹ̀ kò gbè sí apá kan, ọkàn rẹ̀ náà kò gbè síbì kan. Ó mọ̀ ọ́n láti kékeré bí ènìyàn ṣe ń mọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ òun, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ síta rí. Ohun tó ń fẹ́ kò ju kó gun òpó lórúkọ ara rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Awòtán gún un níka, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò sì bá ti ìgò kankan mu. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kéde lórí gbohùngbohùn: "Ẹni yìí kò sí." Àwọn èrò rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ẹ̀rọ òun kì í ṣìṣe, kí ẹni tí kò sí padà sílé kó lọ wá ara rẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín, Ọ̀kánlàwọ́n, ọ̀gá àwọn agùnpó ọkùnrin. Ó sin Ìyìọlá dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn.

"Ìyì, lọ́dún tó ń bọ̀, sọ pé ọkùnrin ni ọ́. Màá dúró fún ọ."

"Èmi kì í ṣe ọkùnrin."

"Ṣé obìnrin ni ọ́ ni?"

"Rárá."

Ọ̀kánlàwọ́n họ orí. "Kò burú. Òpó náà la ṣáà jọ ń gùn."

Ìyìọlá kò gbàgbé bí Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe fi í ṣẹlẹ́yà. Ó lọ gbaṣẹ́ agbálẹ̀ ní gbọ̀ngàn Awòtán lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Láàárọ̀ láàárọ̀ ló ń kí Ọ̀jọ̀gbọ́n tọ̀yàyàtọ̀yàyà, tó ń bi í ní ìbéèrè bíi ti òmùgọ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n á sì na ọrùn, á máa ṣàlàyé. Kí ọdún tó yí, Ìyìọlá ti mọ inú ẹ̀rọ náà bí ẹní mọ àpò ṣòkòtò ara rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ eré, ó da ẹ̀jẹ̀ inú ìgò méjèèjì nù, ó ro tirẹ̀ sí wọn, ó sì ń súfèé padà sídìí ìgbálẹ̀ rẹ̀.

Ẹ wá wo ẹ̀sín! Agùnpó àkọ́kọ́ ti ìka bọ̀ ọ́: kò sí. Èkejì: kò sí. Ìyá kan tó ti borí lẹ́ẹ̀mẹfà, tó bímọ mẹ́rin sílé: kò sí. Nínú ogójì agùnpó, ẹ̀rọ ní kò sí ẹyọ ẹnì kan tó wà láyé. Bàbá Láọ́yè, olórí àwọn agùnpó, wá ní kí Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ti ìka bọ̀ ọ́, níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ rẹ̀ kì í ṣìṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti ìka bọ̀ ọ́. Kò sí.

"Àánú ìyàwó rẹ ṣe mí, Fọlárànmí," ni Bàbá Láọ́yè wí. "Ó ti di opó, kò tíì mọ̀."

Ìgbà náà ni Ìyìọlá gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀, tó ti ìka tirẹ̀ bọ̀ ọ́. Ọ̀já pupa jáde, ọ̀já funfun tẹ̀ lé e. Ó so méjèèjì mọ́ ọrùn ọwọ́, kò sì wá èyí tí yóò jù nù.

Bàbá Láọ́yè ní kí gbogbo agùnpó gùn láìsí ọ̀já, kí oníkálùkù mú òpó tó bá wù ú. Ọ̀jọ̀gbọ́n di agbádá Bàbá Láọ́yè mú.

"Bàbá, ẹ dákun. Àwọ̀n kò ní mọ̀ wọ́n. Ẹni tó bá já bọ́, kò ní gbé e."

"Bàbá mi gun ọ̀pẹ láìsí àwọ̀n."

"Bàbá yín kò gun ọ̀pẹ mẹ́wàá léra."

"Ẹni tí kò sí kì í dá sí ọ̀rọ̀ àgbà."

Ẹ̀rín sọ. Ìyìọlá gbọ́ gbogbo rẹ̀. Gbólóhùn kan péré nípa ẹ̀jẹ̀ inú ìgò ni ì bá sọ, eré ì bá dúró. Ṣùgbọ́n ojú Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń rọ bí ẹ̀fọ́ orí iná dùn ún wò ju ohun gbogbo lọ. Ó pa ẹnu mọ́.

Ìyìọlá gba òpó òsì, Ọ̀kánlàwọ́n gba ti ọ̀tún, wọ́n sì ń gùn lọ ní ìfẹ̀gbẹ́kẹ̀gbẹ́. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n dé òkè, Ọ̀kánlàwọ́n bojú wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín. "Rọra o, ìwọ nìkan tó wà!" Bó ti ń rẹ́rìn-ín náà ló ju igbà sókè, igbà kò kọ́ òpó, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yọ̀.

Lójú òṣùpá, ìṣubú kì í yá. Ènìyàn lè ka oókan dé ẹẹ́wàá kó tó balẹ̀. Ọ̀kánlàwọ́n kò pariwo. Ó na apá, ó ń retí àwọ̀n. Àwọ̀n kò jáde.

Ó yè é, ṣùgbọ́n eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ti fọ́. Nígbà tí Ìyìọlá fi máa sọ̀ kalẹ̀, àwọn èrò ti dì mọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n. Wọ́n ní ẹ̀rọ rẹ̀ ló pa ọmọ àwọn lára, wọ́n ti ya agbádá rẹ̀, wọ́n sì ń wá òkúta. Ẹ̀san ti pé. Kí Ìyìọlá ṣáà dákẹ́ ni ó kù.

"Ẹ fi í sílẹ̀. Èmi ni."

Bàbá Láọ́yè yíjú padà. "Ìwọ ta ni?"

"Ìyìọlá. Èmi kì í ṣe ọkùnrin, èmi kì í ṣe obìnrin. Ẹ̀jẹ̀ mi ló wà nínú ìgò méjèèjì. Mo gbọ́ nípa àwọ̀n, mo sì dákẹ́."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bàbá Láọ́yè gba igbà rẹ̀, ó gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ níwájú ìlú. Ẹni tí wọ́n bá gé igbà rẹ̀ kò tún gbọdọ̀ gun òpó mọ́ láéláé. Ọ̀jọ̀gbọ́n wá dúpẹ́. Ìyìọlá ní kó gbé ọpẹ́ rẹ̀ lọ, kì í ṣe nítorí tirẹ̀ lòun ṣe sọ̀rọ̀.

Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n jẹ́ kó rí Ọ̀kánlàwọ́n lórí ibùsùn. Àwọn dókítà ti ní kò ní fẹsẹ̀ dúró mọ́.

"Ṣé o dé òkè?" ni Ọ̀kánlàwọ́n bi í.

"Mo dé e."

"Kí lo rí níbẹ̀?"

"Ìwọ ni mo rí nísàlẹ̀."

Ọ̀kánlàwọ́n yí ojú sí ògiri.