Ìkarahun Lẹ́nu Ọ̀nà Opó

Consol ń bú òjò lọ́wọ́ nígbà tí Fermí kọ́kọ́ rí i. Ìrẹsì tó sá sí àgbàlá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rin tán, irun rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ojú, ó ń fi pátákó kó o jọ, ó sì ń sọ fún ojú ọ̀run pé kò nítìjú.

"Ìwọ tó o dúró yẹn, ṣé ìran lò ń wò ni?"

"Bí ìran bá dùn ún wò ńkọ́?" Fermí fèsì, àmọ́ ó ti mú pátákó kejì.

Fermí ló ń ṣọ́ odò Xúquer fún abúlé wa ní ilẹ̀ Sípéènì. Bí omi bá ń kún bọ̀, á fọn ìkarahun òkun bíi fèrè káàkiri, kí kálukú sá gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Láti ọjọ́ yẹn, ojúlé Consol ló ń gbà lọ sí afárá, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà ibẹ̀ ló jìn jù. Ta ni kò mọ̀? Ìfẹ́ kì í wá ọ̀nà àbùjá.

Àmọ́ opó ni Consol, ilé Tecla, ìyá ọkọ rẹ̀ tó kú, ló sì ń gbé. Lọ́dọ̀ tiwa, bí opó bá fẹ́ tún lọ́kọ, àwọn ọ̀dọ́ á kó ìkarahun àti agogo màlúù wá sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n á fi ṣẹ̀sín. Wọ́n ṣe é fún àbúrò ìyá Consol. Láti ìgbà náà, obìnrin yẹn kò lè gbójú sókè ní ìta mọ́.

"Mo fẹ́ràn ẹ, Fermí, mi ò ní purọ́," Consol sọ fún un. "Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ìkarahun bá dún lẹ́nu ọ̀nà mi, ó parí nìyẹn. Má padà wá."

"Ẹyin ojú mi, kò ní dún."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, oòrùn ń ràn ní abúlé, àmọ́ ojú ọ̀run dúdú kirikiri lápá òkè odò. Láti orí afárá, Fermí rí i tí omi pupa ń yí bọ̀ pẹ̀lú elégédé, ilé adìyẹ àti odindi igi ọsàn. Ó ki eré mọ́lẹ̀. Ilé Consol ló sún mọ́ odò jù.

Ó kanlẹ̀kùn, ó pariwo. Ẹ̀yìnkùlé ni àwọn obìnrin náà wà, wọ́n ń lu ìrẹsì, wọn kò gbọ́. Fermí wo ìkarahun ọwọ́ rẹ̀. Ó mọ ohun tó fẹ́ pàdánù, ọkàn rẹ̀ sì bàjẹ́. Ó fọn ọ́n.

Fèrèsé àwọn aládùúgbò ṣí, ẹ̀rín sọ, wọ́n rò pé ẹ̀sín opó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan tilẹ̀ ti gbé agogo màlúù jáde. Consol yọ tòun ti ìgbálẹ̀.

"Fermí! Ìwọ náà ló wá fi mí ṣẹ̀sín?"

"Omi ni, Consol! Omi ń bọ̀!"

"Omi wo? Oòrùn rèé!" Ó fi ìgbálẹ̀ gbá a léjìká. Omijé ń dà lójú Fermí, kò sì yéé fọn ìkarahun.

Tecla ló sọ̀rọ̀ lẹ́yìn wọn, jẹ́ẹ́jẹ́: "Consol, ẹsẹ̀ mi tutù."

Ẹ̀rín dá. Gbogbo àdúgbò sá gòkè. Fermí gbé Tecla pọ̀n, Consol ń tì í lẹ́yìn, omi ń lé wọn lórí àtẹ̀gùn.

Nígbà tí wọ́n dókè, Consol kọjú sí Fermí. "O mọ̀ pé mo ní ó máa parí tó bá dún."

"Mo mọ̀."

"O sì fọn ọ́n."

"Kí n pàdánù ẹ sàn ju kí omi gbé ẹ lọ."

Tecla fa ìborùn rẹ̀ mọ́ra. "Consol, ọmọ mi, kí lo tún ń wá? Ọmọ mi tó kú náà ì bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹ. Dì mọ́ ọkùnrin náà, jàre."

Consol dì mọ́ ọn, ẹ̀rín àti ẹkún dàpọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

Nígbà tí wọ́n gbá ẹrẹ̀ tán, wọ́n lọ bá Fadá nítorí ìgbéyàwó wọn. Fadá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní kí wọ́n wá kí ilẹ̀ tó mọ́, bí àwọn opó ṣe ń ṣe, kí àwọn ọ̀dọ́ tó jí.

"Rárá o, Fadá," ni Consol wí, ó di ọwọ́ Fermí mú. "Ọ̀sán gangan ni. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n kó gbogbo ìkarahun wọn wá."