Orúkọ Tí Kì Í Ṣe ti Ẹnikẹ́ni

Kò sí àbùmọ́ nínú ohun tí mo fẹ́ kọ yìí. Mo gbọ́ díẹ̀ lẹ́nu apínlẹ́tà àdúgbò náà. Mo gbọ́ díẹ̀ lẹ́nu akọ̀wé tó wà lórí fóònù lọ́jọ́ tó kẹ́yìn. Mo sì ti jókòó nínú pálọ̀ tó ti ṣẹlẹ̀, tí obìnrin ilé náà sọ tẹnu rẹ̀ fún mi. Ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò tako ara wọn. Ẹni tó bá fẹ́ kó pè é nírọ́, mi ò ní bá a jà.

Télọ̀ ni obìnrin náà. Ọkọ rẹ̀ ń tún rédíò ṣe. Pálọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́: máṣíìnì ìyàwó wà lẹ́bàá fèrèsé, tábìlì ọkọ wà lẹ́bàá ògiri, àwọn rédíò tí ó ti tú ìfun wọn síta kún orí rẹ̀. Àdúgbò mọ̀ wọ́n sí tọkọtaya tí kò bímọ. Ká sọ ọ́ bó ṣe rí, wọ́n bí ọ̀kan, ó ti lé lógún ọdún. Obìnrin ni. Ọmọ náà wá, kò ké. Wọ́n ti mú orúkọ kan sílẹ̀ dè é, wọn ò sì fi pe nǹkan kan mọ́. Yàrá inú tí ì bá jẹ́ tirẹ̀ di ibi tí wọ́n ń kó aṣọ oníbàárà sí.

Iṣẹ́ kékeré kan ni obìnrin náà gbà kún iṣẹ́ télọ̀, kò sì le. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ìjọba ti ṣèlérí fún ará ìlú pé láàárín ọjọ́ mẹ́ta ni lẹ́tà yóò máa dé, ibi yòówù kó ti wá. Wọ́n wá ní kí àwọn kan máa wọ̀n ọ́n bóyá òótọ́ ni. Ẹnìkan a fi lẹ́tà àdánwò sínú àpótí ní ìlú kan. Ẹlòmíràn a gbà á ní ìlú mìíràn, a sì tẹ ilé iṣẹ́ wọn láago pé ó ti dé. Ọjọ́ tó wà láàárín méjèèjì, òun ni ìwọ̀n. Ìwé funfun lásán ló máa ń wà nínú lẹ́tà yẹn. Apínlẹ́tà ò gbọdọ̀ mọ èyí tó jẹ́ àdánwò, kó má baà máa torí ìyẹn nìkan sáré. Kí lẹ́tà náà má sì dà pọ̀ mọ́ ti onílé, wọ́n ní kí olúkúlùkù mú orúkọ kan wá tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú ilé rẹ̀, alààyè tàbí òkú.

Obìnrin náà di bíírò mú, ó ronú. Ọ̀kan ṣoṣo ló bá ohun tí wọ́n wí mu. Ó kọ ọ́. Ó ní nǹkan kan ò ṣe òun.

Ayára ni wọ́n ń pe apínlẹ́tà àdúgbò náà, nítorí pé kò yára rí. Ọ̀sán ló dé pẹ̀lú lẹ́tà àkọ́kọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó pe orúkọ náà sókè.

Obìnrin náà jáde.

"Màámi, ta ló ń jẹ́ báyìí níbí? Láti ìgbà tí mo ti ń wá, ẹ̀yin àti Bàbá Onírédíò nìkan ni mo mọ̀."

Kò gbọdọ̀ sọ òtítọ́. Òfin iṣẹ́ ni.

"Ọmọ wa ni."

"Háà! Ẹ wá gbé e pa mọ́ báyìí? Àwa ò ní jí i gbé o." Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ́ àpò rẹ̀ sí èjìká. "Ẹ bá mi kí i."

Nígbà tí obìnrin náà padà wọlé, rédíò tó ń sọ̀rọ̀ lórí tábìlì ti dákẹ́. Ọkọ rẹ̀ ò gbójú sókè.

"Orúkọ yẹn lo fún wọn?"

"Wọ́n ní kó má jẹ́ ti ẹnikẹ́ni."

Ọkọ rẹ̀ gbé wáyà sílẹ̀. "Kì í kúkú ṣe ti ẹnikẹ́ni."

Ó padà sídìí wáyà rẹ̀. Wọn ò mẹ́nu bà á mọ́.

Àwọn lẹ́tà náà ń dé. Ti aládùúgbò a pẹ́, tàbí kó sọnù pátápátá. Tilé yìí kì í pẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ya Ayára fúnra rẹ̀ lẹ́nu.

"Lẹ́tà ọmọ yín yìí, mi ò mọ ohun tó ń ṣe é. Bó ti wù kí n to àpò mi, òun ni mo máa ń bá lókè."

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í retí rẹ̀. Kì í ṣe lẹ́tà ló ń retí. Ohùn ọkùnrin tó ń pe orúkọ náà lẹ́nu ọ̀nà ni, bí ẹni pé ẹni tó ń jẹ́ ẹ wà lẹ́yìnkùlé tó ń fọṣọ lọ́wọ́. Kò sí ẹlòmíràn láyé tó ń pè é. Bí wọ́n bá yọ orúkọ náà kúrò, kò ní sí ẹni tí yóò pè é mọ́ láé. Kò sọ èyí fún ọkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rí i pé bí ọ̀sán bá ti pọ́n, ọkọ rẹ̀ náà a máa pa rédíò.

Lọ́jọ́ kan, oòrùn mú, àdúgbò pa rọ́rọ́. Ajá gan-an ò gbó. Ayára dé. Ó pe orúkọ náà.

"Mò ń bọ̀ o!"

Yàrá inú ni ohùn náà ti wá. Ohùn ọmọbìnrin ni. Ohùn ẹni tí a pè lẹ́nu iṣẹ́, tí kò sì bínú.

Máṣíìnì dúró. Ọkọ ò mira. Irin gbígbóná tó fi ń lẹ wáyà ti já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń jó igi tábìlì, òórùn rẹ̀ sì gba pálọ̀.

Kò sí ẹni tó jáde.

"Ó wà nílé lónìí!" ni Ayára wí lẹ́nu ọ̀nà. Inú rẹ̀ dùn. "Màámi, ẹ jẹ́ kó parí ohun tó ń ṣe. Ẹ gbà á fún un."

Obìnrin náà gbà á. Nígbà tó ṣe, ó lọ ṣí yàrá inú. Aṣọ oníbàárà wà bó ṣe kó wọn. Eruku wà nílẹ̀ bẹẹrẹ, kò sí ojú ẹsẹ̀ ẹlòmíràn lórí rẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó padà sídìí máṣíìnì, ó rán apá kejì aṣọ tó fi sílẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, ó tẹ ilé iṣẹ́ láago pé lẹ́tà ti dé.

"Màmá, wọ́n ti pè wá," ni akọ̀wé wí. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó mọ bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ènìyàn ni.

"Ta ni?"

"Ẹni tó ni lẹ́tà. Òun náà ló máa ń kọ́kọ́ fi fóònù yín pè, ẹ̀yin a wá tẹ̀ lé e. Mo rò pé ẹ mọ̀ ni."

Kò pẹ́ tí ọ̀gá wọn fi wá fúnra rẹ̀, obìnrin kan tó gbé báàgì ńlá. Ó kí wọn dáadáa, ó jókòó sétí àga.

"Màmá, ọ̀rọ̀ yìí ò le. Tó bá jẹ́ pé ẹnìkan ló ń fi fóònù yín ṣeré, ẹ kàn sọ fún mi pé orúkọ yẹn kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ yín á máa lọ bó ṣe ń lọ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ọmọ yín ló ń jẹ́ ẹ, a máa yọ ọ́ kúrò, a ò sì ní fi lẹ́tà ránṣẹ́ síbí mọ́. Lẹ́tà tiwa ò gbọdọ̀ ní ẹni tó ni ín."

Obìnrin náà ti mọ ohun tí òun fẹ́ sọ, pé kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Ó ti sọ ọ́ rí. Bó bá tún un sọ, Ayára yóò máa wá, yóò máa pè é. Ó la ẹnu.

Ilẹ̀kùn yàrá inú wà ní títì. Nǹkan kan ò dún níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ náà dà bíi ti ẹni tó di èémí rẹ̀ mú kó lè gbọ́ ọ̀rọ̀.

"Ọmọ wa ni," ni ọkọ rẹ̀ wí.

Kò gbójú kúrò lára rédíò tó ń tú.

"Ṣé ó wà nílé, Bàbá, kí n kí i?"

"Ó jáde."

Ọ̀gá náà fa ìlà kọjá lórí orúkọ náà. Ó ní kí wọ́n má bínú. Nígbà tó ń lọ, ó ní, "Ọmọ yín mọ ọ̀rọ̀ sọ lórí fóònù. Ẹ tọ́ ọ dáadáa."

Ìyàwó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó padà.

"Ẹ ti gba orúkọ ọmọ wa lọ́wọ́ mi," ni ìyàwó wí.

"Kí n wá sọ ọ́ létí rẹ̀ pé kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni?"

Ìyàwó kọjú sí máṣíìnì. Ó fi òwú sí abẹ́rẹ́.

Lẹ́tà ò wá mọ́. Ayára a kọjá lọ lójú títì. "Ọmọ yín ti lọ sílé ọkọ ni? Ẹ ò tiẹ̀ pè wá jẹun!" Obìnrin náà a juwọ́ sí i. Ọ̀sán a wá, ọ̀sán a lọ. Ọkọ ò pa rédíò mọ́. Ó ń jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni fóònù dún. Akọ̀wé ni.

"Màmá, ẹ dákun. Ọmọ yín pè wá láìpẹ́ yìí. Mo ní orúkọ rẹ̀ ò sí lọ́dọ̀ wa mọ́. Ó ní òun mọ̀, kí n ṣáà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti dé. Mo ní kí ló ti dé. Ó ní, 'Èmi ni. Mo ti dé.' Ó sì gé fóònù."

Obìnrin náà dá máṣíìnì dúró.

"Kọ̀ǹpútà wa ò gba ọjọ́ tí nǹkan dé, àfi tí mo bá kọ ọjọ́ tí wọ́n fi í ránṣẹ́. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

Ó mọ̀ ọ́n. Ó sọ ọjọ́, ó sọ oṣù, ó sọ ọdún.

Akọ̀wé tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. "Màmá, wọn ò tíì bí mi nígbà yẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Á jẹ́ pé ó pẹ́ nìyẹn."

"Ó pẹ́."

"Ṣé ó ti wà lọ́dọ̀ yín báyìí? Kí n lè parí rẹ̀."

Obìnrin náà bojú wẹ̀yìn. Ilẹ̀kùn yàrá inú tó fọwọ́ ara rẹ̀ tì ti ṣí díẹ̀. Rédíò ti dákẹ́. Ọkọ rẹ̀ ti dìde dúró, ó ń wo ilẹ̀kùn náà, ó sì rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ dẹ́rù ba ẹyẹ.

"Bi í bóyá ó ti jẹun."

"Ẹ dúró ná," ni ìyàwó wí fún akọ̀wé. Ó gbé fóònù sórí máṣíìnì.

Nígbà tí mo bi obìnrin náà ní ohun tó tẹ̀ lé e, ó dìde, ó ní òun fẹ́ lọ wo ohun tó wà lórí iná. Kò padà sórí ọ̀rọ̀ náà. Akọ̀wé ní tirẹ̀ sọ pé òun ò gé fóònù. Òun gbọ́ ilẹ̀kùn. Òun gbọ́ ìkòkò tí wọ́n ṣí. Lẹ́yìn náà, òun gbọ́ àga tí wọ́n fà sídìí tábìlì. Ọ̀kan. Òmíràn. Ilé náà dákẹ́ díẹ̀.

Ó wá gbọ́ ẹ̀kẹta.